Ìka tó ń há: wọ́n lè tọ́jú ẹ̀ láìla àtẹ́lẹwọ́

Ẹ jí láàárọ̀, ẹ fẹ́ na ọwọ́, ìka kan kọ̀, kò nà. Ẹ fi ọwọ́ kejì fà á, ó ta pọ́! ó nà lójijì, ó sì dùn yín dé àtẹ́lẹwọ́. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Rárá o. Àìsàn tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa ni. Lédè Faransé, wọ́n ń pè é ní doigt à ressaut.

Kí ló ń fà á? Iṣan tó ń ká ìka máa ń gba inú ohun kan tó dà bí òrùka kọjá, ní ìdí ìka, lápá àtẹ́lẹwọ́. Bí òrùka yìí bá ki jù, tí iṣan náà sì wú, á há, bí òwú tó ní kókó ṣe ń há sójú abẹ́rẹ́. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá lẹ́yìn ọdún 40, àti lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Iṣẹ́ tó ń mú ká di nǹkan mú gírígírí, bí ọkọ́, àdá tàbí ọmọ odó, lè dá kún un.

Ìtọ́jú ẹ̀ ń kọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fún ọwọ́ nísinmi. Wọ́n lè fi pátákó kékeré di ìka náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má bàa ká, pàápàá lálẹ́.

Ìkejì ni abẹ́rẹ́ kọ́tísọ́nù ní ìdí ìka. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sàn pẹ̀lú ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún dókítà kó tó gún un, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè gòkè fún ọjọ́ díẹ̀.

Bí ìyẹn ò bá ràn án, abẹ́rẹ́ ṣì lè ṣiṣẹ́ ọ̀bẹ. Dókítà á fún ibẹ̀ lóògùn kó má dùn yín, á ti abẹ́rẹ́ gba awọ kọjá, á fi ẹnu ẹ̀ gé òrùka tó há iṣan mọ́. Ẹ ò ní sùn. Á ní kẹ́ ẹ ká ìka, kẹ́ ẹ nà án, kó lè rí i pé kò há mọ́. Kò sí rírán, ọjọ́ náà lẹ ó lọ sílé. Ìka ò ní bà jẹ́, torí àwọn òrùka yòókù ṣì ń di iṣan náà mú. Àmọ́ iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára wà nítòsí, pàápàá ní àtàǹpàkò. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan fi ń lo ekografí láti ríran, tí àwọn mìíràn sì ń la ojú kékeré síbẹ̀.

Torí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀. Bí ìka bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sì jẹ́ pé ó kàn ń há ni, ẹ má fi falẹ̀: ìka tó bá pẹ́ ní kíká lè gan, tí kò sì ní nà tán mọ́.