‘Ta ẹgbẹ́ yìí!’: Bí àwọn ará Oakland ṣe pariwo títí tí ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù wọn fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023, ohun tí ojú kì í sábàá rí ṣẹlẹ̀ ní pápá ìṣeré Coliseum, nílùú Oakland, ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ìlú náà, Oakland Athletics, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní A's, ti di ẹni yẹ̀yẹ́ lásìkò náà. Nínú eré 68 tí wọ́n ti ṣe lọ́dún náà, 18 péré ni wọ́n borí. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn tó wá wò wọ́n kò pé 5,000, bẹ́ẹ̀ pápá náà lè gbà ju 40,000 lọ. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, èèyàn 27,759 ló rọ́ wá. Wọn kò wá nítorí pé ẹgbẹ́ náà ti dára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ sọ, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí láyà: ‘Tà á’. Ìlù ń dún lákọlákọ, àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nígbà tí eré dé ìpele karùn-ún, gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni pé òkú sùn níbẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ti parí tirẹ̀ báyìí, ni ariwo bá sọ lẹ́ẹ̀kan náà: ‘Ta ẹgbẹ́ yìí! Ta ẹgbẹ́ yìí!’ Ẹni tí wọ́n ń bá wí ni John Fisher, olówó tó ni ẹgbẹ́ náà, ọmọ tọkọtaya tó dá ilé iṣẹ́ aṣọ Gap sílẹ̀ lọ́dún 1969. A's borí ẹgbẹ́ Tampa Bay Rays ní àmì 2 sí 1 lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ wọn kò kún. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Nevada dìbò pé kí wọ́n yọ mílíọ̀nù 380 dọ́là owó ìlú láti fi ṣèrànwọ́ pápá ìṣeré tuntun tí Fisher fẹ́ kọ́ sí Las Vegas. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Gómìnà Joe Lombardo fi buwọ́ lù ú.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé èèyàn yóò fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó wá jókòó ti ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn, kó sì máa pariwo pé kí wọ́n tà á. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí inú bá bí olólùfẹ́ ẹgbẹ́, ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Àwọn ará Oakland náà ti jókòó sílé rí. Ohun tí wọ́n wá rí ni pé àga tó ṣófo ti di ẹlẹ́rìí lòdì sí wọn, wọ́n ní olówó ẹgbẹ́ ń fi í hàn káyé pé ìlú náà kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pinnu láti kún inú pápá lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi gbà wọ́n wọlé, ẹgbẹ́ náà kéde pé gbogbo owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà yóò lọ sọ́wọ́ àwọn aláàánú.

Eré béésìbọ́ọ̀lù kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ní Kúbà, níbi tí àtọmọdọ́mọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí wà, òun ni ọba eré ìdárayá. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹni kejì yóò fi igi gbá a, yóò sì sáré yí ibùdó mẹ́rin ká kí àmì kan tó wọlé. Ọgbọ̀n ẹgbẹ́ ló wà nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe lọ́dún. Kò sí òfin tó de iye owó tí ẹgbẹ́ kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ààlà kan yóò kàn san owó orí lé e ni. Nítorí kí ẹgbẹ́ ìlú kékeré má baà kú, gbogbo wọn ń dá nǹkan bí ìdajì owó tí wọ́n bá pa nílùú wọn jọ, wọ́n á sì pín in. Ohun tí òfin sì ń retí ni pé kí ẹni tó bá jẹ nínú owó yìí fi tún ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 2023 tí à ń wí yìí, owó tí A's fi bẹ̀rẹ̀ ọdún fún gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn kò pé 60 mílíọ̀nù dọ́là. Ti ẹgbẹ́ New York Mets kọjá 330 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n Mets yìí náà kò rí ọ̀nà dé ìpele àṣeyọrí lọ́dún náà, èyí tó fi hàn pé owó nìkan kọ́ ló ń gba ife-ẹ̀yẹ. Àwọn olólùfẹ́ A's mọ èyí dáadáa. Wọn kò sọ fún Fisher pé kó ná owó bí ọmọ ọba. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé bí ọmọ kan bá ti dàgbà tán lọ́wọ́ wọn, tó di ẹni tí gbogbo ayé ń wò, òun náà ni wọ́n yóò kọ́kọ́ tà.

Ìrírí yìí kì í ṣe tuntun sí wọn. Charlie Finley ló kó ẹgbẹ́ náà wá sí Oakland láti Kansas City lọ́dún 1968. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ World Series lọ́dún 1972, 1973 àti 1974 láìsinmi, Bert Campaneris, ọmọ Kúbà, sì wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù gba ẹ̀tọ́ láti lọ síbi tó wù wọ́n lẹ́yìn àdéhùn wọn, Finley rí i pé owó ti fẹ́ pọ̀. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1976, ó ta Rollie Fingers àti Joe Rudi fún Boston ní mílíọ̀nù kan dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ta Vida Blue fún Yankees ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Bowie Kuhn, ọ̀gá àgbà líìgì nígbà náà, fagi lé ọjà náà, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, Fingers àti Rudi bá tiwọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi di ọdún 1979, ẹgbẹ́ ti tú ká. Èèyàn 306,763 péré ló wá wò wọ́n ní gbogbo ọdún náà. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà nínú oṣù kẹrin tí àwọn òǹwòran jẹ́ 653.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹbí Walter Haas, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ṣòkòtò Levi Strauss, ra ẹgbẹ́ náà. Wọ́n náwó sí agbábọ́ọ̀lù, wọ́n náwó sí ìlú. A's gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún 1989, nígbà tó sì di 1990, àwọn tó wá wò wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900. Ìlú kan náà ni, pápá kan náà ni. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ohun tó yí padà ni ẹni tí ìdarí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí yìí ni àwọn ará Oakland máa ń gbé síta bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwọn kò mọ ẹgbẹ́ fẹ́.

Ẹbí Haas ta ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1995, àwọn tó rà á sì fún okùn ìṣúná pinpin. Ibẹ̀ ni orúkọ Billy Beane ti yọ. Lẹ́yìn ọdún 2001, Jason Giambi, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wọn, gba 120 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún méje lọ́wọ́ Yankees, ó sì lọ. Johnny Damon lọ sí Boston. Beane kò sunkún. Ó lọ ń ṣa àwọn tí ẹlòmíràn kò kà sí, àwọn tí wọn kò lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà ṣùgbọ́n tí wọ́n ní sùúrù, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dé ibùdó àkọ́kọ́. Lọ́dún 2002, pẹ̀lú nǹkan bí 40 mílíọ̀nù dọ́là, A's borí nínú eré 20 léraléra, wọ́n sì borí nínú eré 103 lápapọ̀, iye kan náà tí Yankees borí pẹ̀lú nǹkan bí 125 mílíọ̀nù. Michael Lewis kọ ìwé Moneyball nípa wọn lọ́dún 2003, wọ́n sì fi ṣe fíìmù lọ́dún 2011. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n aláìní.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ. Láàárín ọdún 2000 sí 2020, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni A's dé ìpele àṣeyọrí, wọn kò sì dé àṣekágbá World Series lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti kọ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ẹ̀ pé tán, ẹni tó kù kí wọ́n fi kún un ni wọn kì í rà, ẹni tó wà nílẹ̀ ni wọ́n á sì tà. Fisher àti Lew Wolff ra ẹgbẹ́ náà ní 180 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2005. Nígbà tó fi di 2023, ìwé ìròyìn Forbes ní iye rẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù kan. Ìṣọ́wóná yẹ ẹni tí kò ní. Bí ẹni tó ní bá wá ń lo ọgbọ́n ẹni tí kò ní, ahun ni àwọn tó ń wò ó yóò máa pè é.

Wọ́n fi Josh Donaldson ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Toronto lọ́dún 2014, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ ní líìgì rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí Marcus Semien, ọmọ agbègbè náà, lọ lẹ́yìn ọdún 2020. Texas fún un ní 175 mílíọ̀nù, ó sì bá wọn gba World Series lọ́dún 2023. Nígbà tó di 2022, ẹ̀fọ́rí náà di àìsàn. Chris Bassitt, Matt Olson, Matt Chapman, Sean Manaea, Frankie Montas àti Sean Murphy, gbogbo wọn ni wọ́n kó jáde láàárín oṣù mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì tí Olson dé Atlanta ni wọ́n fún un ní 168 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́jọ. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n tún bu owó lé tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún ní Oakland. Ọmọdé tí wọ́n ra ẹ̀wù Olson fún, kí ẹ̀wù náà tó fún un ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lọ. A's pàdánù eré 102 lọ́dún 2022, wọ́n pàdánù 112 lọ́dún 2023.

Fisher náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Coliseum ti wà láti ọdún 1966, ó ti gbó. Omi ẹlẹ́gbin ti ya wọ yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù rí. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ lọ sí San Jose, San Francisco Giants ní ilẹ̀ àwọn ni, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò sì gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́dún 2015. Wọ́n wá ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Laney College, kò bọ́ sí i. Ètò ńlá ti Howard Terminal létí omi ni wọ́n ń bá ìjọba ìlú sọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin, ọdún 2023, pé àwọn ti rí ilẹ̀ ní Las Vegas. Pé pápá tuntun ṣe pàtàkì, kò sí ẹni tó jiyàn. Ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ ń béèrè ni pé ṣé pápá ló ta Olson ni?

Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2023, ọgbọ̀n àwọn tó ni ẹgbẹ́ dìbò, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i pé kí A's máa lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, èèyàn 46,889 wá sin wọ́n. Rickey Henderson, ọmọ Oakland tó sá ibùdó ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ìtàn eré náà, wà níbẹ̀. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tó fi kú. A's borí Texas, ẹgbẹ́ tí Semien ń gbá fún, ní 3 sí 2. Nígbà tí eré parí, Mark Kotsay, olùdarí ẹgbẹ́, dúró láàárín pápá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì bá wọn ké orúkọ Oakland. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ lọ sílé. Àwọn kan bu iyẹ̀pẹ̀ pápá náà sínú ife, wọ́n sì gbé e lọ. Fisher ti kọ lẹ́tà ṣáájú ọjọ́ náà pé àwọn gbìyànjú láti dúró, kò ṣeé ṣe, àti pé òun tọrọ àforíjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ta iyọ̀ sójú egbò. Láti ọdún 2004 tí wọ́n ti fún Eric Chavez ní 66 mílíọ̀nù dọ́là, A's kò fún agbábọ́ọ̀lù kankan ní iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún odidi ogún ọdún. Oṣù kẹta kò tíì pé tí wọ́n kúrò ní Oakland tí wọ́n fi fún Luis Severino ní 67 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kìíní, ọdún 2025, wọ́n fún Brent Rooker ní 60 mílíọ̀nù. Pápá kékeré kan ní West Sacramento, tó gba nǹkan bí 14,000 èèyàn, ni wọ́n kó lọ, láti máa retí pápá Las Vegas tí wọ́n fẹ́ ṣí lọ́dún 2028. Orúkọ ìlú kankan kò sí níwájú orúkọ wọn níbẹ̀: Athletics lásán ni wọ́n ń jẹ́. Owó tí àwọn ará Oakland bẹ̀bẹ̀ fún ní ogún ọdún wà nílẹ̀, wọ́n kàn dúró kí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni.

Àwọn ará ìlú náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, Oakland Ballers, tó bẹ̀rẹ̀ eré lọ́dún 2024 ní Raimondi Park, ìwọ̀-oòrùn Oakland. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ta ìpín níbẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn. Lọ́dún 2025, Ballers gba ife-ẹ̀yẹ Pioneer League, líìgì kékeré tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kò sún mọ́ World Series rárá, owó tó wà níbẹ̀ kò sì lè ra apá kan Olson. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pariwo níbẹ̀ lónìí pé ‘Ta ẹgbẹ́ yìí’, ó lè jẹ́ pé ẹni tó jókòó tì í ni ó ń bá wí.