Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín sókè, ẹ má ṣe gbàgbé línkéèjì rẹ̀ o

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá gun igi rékọjá ewé, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ọkọ̀ wa sókè wí. Nítorí kòtò ojú ọ̀nà, ẹlòmíràn á ki sípéésà bọ ìdí sípíríǹgì, ẹlòmíràn á ra sípíríǹgì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú onítọ̀hún á sì dùn pé abẹ́ ọkọ̀ òun kò ní í ha ilẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan kò burú. Ohun tó burú ni pé ọ̀pọ̀ ló ń gbé ọkọ̀ sókè láì ro ti irin kékeré kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní línkéèjì. Irin tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè sọ ìrìn àjò ayọ̀ di ẹkún.

Bàbá kan ní àdúgbò wa ní píkọ́ọ̀pù tó fi ń lọ sóko. Ó gbé e sókè ní ínṣì 3. Kò pé oṣù kan tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó bí ó bá ti kó sí kòtò. Wọ́n pààrọ̀ línkéèjì, ariwo náà dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí bàbá ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti oko, ewúrẹ́ já sójú títì, bàbá yí ọwọ́ ọkọ̀ láti yẹ̀ ẹ́, ni ọkọ̀ bá fi ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ dojú dé. Orí ló kó wọn yọ. Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn wo abẹ́ ọkọ̀ náà, línkéèjì ẹ̀gbẹ́ kan ti já. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, kì í ṣe pé línkéèjì tí ẹ ń rà kò dára. Ó kúrú fún ọkọ̀ yín ni.”

Kí wá ni iṣẹ́ irin yìí gan-an? Lábẹ́ ọkọ̀, irin gbọọrọ kan wà tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sítébíláísà. Bùúṣì méjì ni wọ́n fi so àárín rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì ni línkéèjì so mọ́ ìdí táyà ọ̀tún àti ti òsì. Bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, irin náà kàn ń yí nínú bùúṣì rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ara rẹ̀ á fẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá kan sítébíláísà á gòkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀, irin náà á sì máa lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún. Agbára tó fi ń kọ̀ láti lọ́ yìí ló ń dá ara ọkọ̀ dúró kó má baà tẹ̀ jù. Línkéèjì ló ń gbé agbára náà láti ìdí táyà dé ara irin. Bí ó bá já, sítébíláísà di ẹrù lásán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé ọkọ̀ sókè. Ara ọkọ̀ gòkè, sítébíláísà bá a gòkè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ni táyà ṣì wà. Línkéèjì tí gígùn rẹ̀ kò yí padà á wá máa fa apá sítébíláísà wálẹ̀. Apá tó yẹ kó nà gbọọrọ bí pẹpẹ á dà bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó wà ní orí línkéèjì á tẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ṣe é mọ, rọ́bà rẹ̀ á ya, iyẹ̀pẹ̀ á wọ inú rẹ̀. Sítébíláísà fúnra rẹ̀ lè máa kan ọ̀pá sítíárìn tàbí okùn bíréèkì. Èyí tó burú jù ni pé apá náà àti línkéèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, tí kòtò ńlá kan á fi yí wọn sódì.

Ẹlòmíràn á ní, “Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ṣebí ọkọ̀ ṣì ń rìn?” Lóòótọ́, yóò rìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ga sí i máa ń tètè fẹ́ dojú dé ju èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ lọ, nítorí náà, ìgbà tí a gbé e sókè gan-an ni ó nílò sítébíláísà jù. Àwọn tó ṣe Jeep Wrangler Rubicon ti 2007 fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí awakọ̀ lè fi tú sítébíláísà iwájú, kí táyà lè rọra tẹ̀ lé gegele àti àpáta. Ṣùgbọ́n bí eré ọkọ̀ náà bá ti ń pọ̀ sí i, irin náà á tún so pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ojú títì kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ gíga ti ń rìn láìní i.

Ọ̀nà wo la lè gbà yan línkéèjì tó yẹ? Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wo ibi tí wọ́n so ó mọ́, nítorí ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ní iwájú Jeep Wrangler, láti sítébíláísà ni línkéèjì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá irin gbọọrọ tí táyà méjèèjì dúró lé. Irú èyí ń fẹ́ línkéèjì tó gùn sí i. Bí ọkọ̀ bá gòkè ní ínṣì 2, línkéèjì náà á fi bí ínṣì 2 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ lówà áàmù ni wọ́n so ó mọ́, kò ní í tó bẹ́ẹ̀. Bí ojú ibi tí wọ́n so ó mọ́ bá jẹ́ ìdajì áàmù náà, bí ínṣì 1 ló máa ń tó fún ọkọ̀ tó gòkè ní ínṣì 2.

Ṣùgbọ́n ní iwájú ọkọ̀ bíi Corolla ti 2003, ara ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n so orí òkè línkéèjì mọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì so mọ́ sítébíláísà. Bí ẹ bá ki sípéésà sórí ṣọ́ọ̀kì, ńṣe ni ṣọ́ọ̀kì náà á sọ̀ kalẹ̀ tí á sì ti sítébíláísà wálẹ̀. Bí ẹ bá wá ra èyí tó gùn sí i fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ti dá kún wàhálà ni. Èyí tó kúrú ni ó ń fẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé ọ̀rẹ́ òun ra èyí tó gùn kí òun náà sáré ra á.

Èkejì ni wíwọ̀n. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ dúró sí, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹ ilẹ̀. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n nígbà tí ó wà lórí jáàkì, nítorí táyà tó rọ̀ sílẹ̀ á tàn yín jẹ. Kí ẹ tú línkéèjì, kí ẹ gbé apá sítébíláísà títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kí ẹ sì fi téèpù wọn àárín ihò kan dé àárín ihò kejì. Gígùn tí ẹ ń wá nìyẹn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi tuntun sí i, ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wò ó bóyá ó ń kan nǹkan kan. Ẹ wá gbé ara ọkọ̀ sókè lórí jáàkì kí táyà rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún wò ó bóyá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀kẹta ni irú èyí tí ẹ fẹ́. Oníbọ́ọ̀lù máa ń yí síbi gbogbo, ṣùgbọ́n bí rọ́bà tó bò ó bá ti ya, ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn mọ́. Oníbùúṣì rọ́bà kì í pariwo, owó rẹ̀ kì í sì í wọ́n. Èyí tí wọ́n fi polyurethane ṣe le jù ú, ó sì máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó lè máa han bí kò bá ní gíríìsì. Èyí tó ṣeé fà gùn dára fún ọkọ̀ tí a gbé sókè, bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá gùn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, sítébíláísà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ẹ má sì fà á débi tí okùn nóòtì rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà ní Ládípọ̀ tàbí ní ọjà mìíràn, ẹ fi ọwọ́ mi bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe wọ́gẹwọ̀gẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ má sì gbà kí wẹ́dà gé línkéèjì àtijọ́ kó jó irin mọ́ ọn. Iná a máa ba gíríìsì àti ike inú bọ́ọ̀lù jẹ́, ibi tí wọ́n jó náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já. Bùúṣì ni tirẹ̀, ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá ti délẹ̀ ni kí ẹ tó fún nóòtì rẹ̀ le pátápátá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ padà lọ tún un wò.

Ní ti bàbá àdúgbò wa, ó ra èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, ariwo sì dópin. Ohun tó ná lórí mẹ́ta àkọ́kọ́ ju owó èyí tó tọ́ lọ. Gígbé ọkọ̀ sókè kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e sókè, kó rántí gbé ohun tó ń dì í mú bá a.