Ọ̀mì Kì í Ṣe Ẹ̀tẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ní Maitumbi tí àwa kan ti dàgbà, a máa ń jiyàn pé ẹgbẹ́ tí kò pàdánù ti na gbogbo ẹgbẹ́ yòókù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní sáà 2023/24, Bayer Leverkusen gbá ìdíje 34 ní líìgì Jámánì. Wọ́n borí nínú 28, wọ́n ta ọ̀mì nínú 6. Ìborí jẹ́ àmì 3, ọ̀mì jẹ́ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2024, wọ́n na Bremen 5–0, wọ́n sì gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́. Victor Boniface, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Dortmund ń nà wọ́n 1–0, àfi ìgbà tí Josip Stanišić dá a padà ní ìṣẹ́jú keje àfikún.

Ẹ̀kọ́ wa: bí a kò bá lè na ẹni, ká má jẹ́ kó nà wá.