Bí Kámẹ́rà Ṣe Kọ́ Láti Fojú Apànìyàn Pamọ́

Ẹni tó bá gba àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú nílùú Èkó kọjá yóò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kó tó rí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ètò ìsìnkú àti pósítà oríṣiríṣi ti ń jáde. Bó o bá rí pósítà fíìmù Yorùbá kan, dúró wò ó dáadáa. Orí gbajúmọ̀ eléré ló máa ń tóbi jù, àárín gbùngbùn ló sì máa ń wà. Àwọn yòókù á kéré sí i, wọ́n á tò yí i ká. Ẹni tó mú ìbọn, ẹni tó ń sunkún, ẹni tó ranjú, gbogbo wọn ló pé síbẹ̀. Pósítà kì í fi ẹnikẹ́ni pamọ́, torí ojú ló fi ń tajà.

Fíìmù tí pósítà ń polówó ńkọ́? Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní thriller, fíìmù ìfura tí à ń di àyà mú wò, ohun tí kò jẹ́ ká rí ló fi ń mú wa. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Nínú irú fíìmù yìí, oníkámẹ́rà ló ń po oògùn náà fún wa mu. Òun ló ń pinnu ẹni tí a máa fura sí àti ẹni tí kò ní wá sí wa lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan ni kámẹ́rà wa mọ oògùn yìí pò.

Orí ìtàgé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láyé eré alárìnjò, òǹwòran á jókòó sójú kan, á máa wo ìtàgé láti igun dé igun. Bí ọ̀tá bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn akọni, gbogbo gbọ̀ngàn lè pariwo pé, “Wẹ̀yìn o!” Òǹwòran fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tójú rẹ̀ máa bá lọ.

Ní 1976, Ọlá Balógun darí fíìmù Àjàní Ògún, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love sì kópa ńlá nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ eléré ìtàgé gba ọ̀nà yẹn wọnú fíìmù. Nígbà tó fi di bí 1990, fídíò ti gba ìgboro. Owó kò tó, ọjọ́ kò sì tó. Wọ́n á gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú àga pálọ̀, àwọn eléré á máa sọ̀rọ̀ lọ títí. Kámẹ́rà ti gba àga òǹwòran ìtàgé, kò sì fẹ́ dìde.

Lára àwọn tó gbé e dìde ni Túndé Kèlání. Iṣẹ́ kámẹ́rà ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ́ ọ dé ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó di olùdarí. Ní 1993 ló gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde. Nínú fíìmù náà, wọ́n ta ilẹ̀ àwọn alálẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Àwọn tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó wá ku Ọ̀tún Aṣíyanbí, ipa tí Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, kó. Òǹwòran mọ̀ pé ikú ń bọ̀, kò kàn mọ ibi tó máa gbà yọ ni. Ikú yìí kò sì lójú tí kámẹ́rà lè yà, nítorí náà ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà la fi ń mọ̀ pé ó ti sún mọ́lé.

Ọmọ Ade Love ló tún gbé e síwájú. Kúnlé Afọláyan ṣe Araromire ní 2009, ó ṣe October 1 ní 2014, Yínká Edward ló sì wà nídìí kámẹ́rà fún méjèèjì. Nínú October 1, ẹnì kan ń pa àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ìlú kan tó ń jẹ́ Akote, òmìnira Nàìjíríà sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Danladi Waziri, ọlọ́pàá tí Sadiq Daba ṣe, wá láti ọ̀nà jíjìn láti tú àṣírí náà. A rí iṣẹ́ ọwọ́ apànìyàn, a rí àmì àgbélébùú lára òkú, ṣùgbọ́n a kò rí ojú rẹ̀. Ìfura wa ń bọ́ lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ń bá wọn rìn láàárín ìlú, kámẹ́rà sì ń wò ó bó ṣe ń wo gbogbo èèyàn.

Ọdún 1960 ni ìtàn October 1 ṣẹlẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Alfred Hitchcock gbé Psycho jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ń gun àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ kan lọ, apànìyàn sì fẹ́ yọ sí i. Bí kámẹ́rà bá wà lẹ́yìn apànìyàn, òǹwòran á fura pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Hitchcock gbé kámẹ́rà lọ sókè téńté, lábẹ́ àjà. Àtàrí nìkan la rí. Lójijì ni ojú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà wá kún gbogbo àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní close-up. Ìdágìrì yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí béèrè ojú apànìyàn.

Ibi tí kámẹ́rà bá dúró sí ló ń pinnu ohun tí a máa fura sí. Ẹ jẹ́ ká dán an wò ní Bàrígà, ní Èkó kan náà. Fóònù lásán tó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé face-me-I-face-you ni, iná ti lọ, ọmọbìnrin kan ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi bọ̀. Dúró sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún: ọmọ náà kéré, ilẹ̀kùn tò lọ́tùn-ún lósì, èyíkéyìí sì lè ṣí. Gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó máa wo òkè: ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ọmọ kan náà ti di ẹni tó yẹ ká sá fún. Bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí àwòrán máa mì díẹ̀díẹ̀: ẹnì kan ń tẹ̀lé e, àwa gan-an sì ni. Wá sún mọ́ ojú rẹ̀ títí kò fi sí àyè mọ́: ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti pa mọ́ fún wa. Kẹ́ẹ̀gì kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ìtàn mẹ́rin.

Oògùn ìfura yìí lè pa aláìṣẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá dúró lórí afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, tó wo apá Ìlàjẹ ní Bàrígà, páànù tó ti dípẹtà àti èéfín ló máa rí. Fíìmù tó bá ń ti òkè yẹn wo àdúgbò ti dájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu: ibí ni ọ̀daràn ń gbé. Sọ kámẹ́rà náà kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, kó gbójú sókè. Afárá ló wá di òmìrán, ọkọ̀ ń sáré kọjá lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bojú wo ìsàlẹ̀. Ta ni a ń fura sí báyìí?

Bó o bá tún rí pósítà fíìmù ìfura ní Ṣómólú, má wo ẹni tó ranjú, má wo ẹni tó mú ìbọn. Wo ojú kékeré tó wà ní igun lọ́hùn-ún, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.