Bí Iyè Àgbà Bá Ń Rà

Ní nǹkan bí ọdún 1992 ni àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n ń bi àwọn àgbà tó ti pé ọmọ ọdún 65 ní ìbéèrè. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni: Kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà náà kò rí ilé ìwé wọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣètò ìbéèrè náà kí ẹni tí kò kàwé lè dáhùn. Wọn a tún kọjú sí ọmọ tàbí ẹbí tó sún mọ́ àgbà náà, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń ṣe nínú ilé lójoojúmọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ, àti Hugh Hendrie ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Osuntokun kú ní 1995, àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó dúró. Ní 2001, èsì jáde: nínú ẹgbẹ̀rún àgbà ní Ìbàdàn, bíi 13 tàbí 14 ni iyè wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́dún kan, ṣùgbọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, wọ́n tó 32. Ìròyìn ayọ̀ ni. Síbẹ̀, àìsàn náà wà láàrin Yorùbá, kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn tó ń mú àgbà ṣarán. Èròjà purotéènì kan, amyloid, a máa gbára jọ sínú ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àmì kankan tó hàn. Apá tó ń tọ́jú ìrántí tuntun wà lára ibi tó ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi lè ròyìn ìgbà òmìnira láìsí àṣìsọ, kó má sì rántí pé òun ti jẹun àárọ̀.

Gbígbàgbé orúkọ àlejò, kó tún padà síni lọ́kàn, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò kò bá lè ka ṣéńjì mọ́, tí ìyá tó ti se ẹ̀gúsí fún ogójì ọdún kò mọ ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ sínú ìkòkò, tàbí tí Bàbá ṣìnà ládùúgbò ara rẹ̀, ó ti tó ohun à ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní àjẹ́ ni ìyá arúgbó tó ń rìn lóru, wọ́n á ní kó jẹ́wọ́. Ìwà ìkà gbáà ni. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Kò ní ohunkóhun láti jẹ́wọ́.

Àyẹ̀wò kíákíá ní èrè ńlá, torí kì í ṣe gbogbo iyè rírà ni Alzheimer. Àìtó fítámì B12, ìsoríkọ́, àìsàn ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, oògùn oorun, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí agbárí lẹ́yìn ìṣubú lè fa irú rẹ̀, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Nílé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà ti wà láti 2012.

Oògùn tó ń wo Alzheimer sàn pátápátá kò tíì sí. Lecanemab, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, ń dín eré àìsàn náà kù, ṣùgbọ́n ẹni tí tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ló wà fún, ó sì wọ́n gógó. Ní May 2025, Amẹ́ríkà tún fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó lè tọ́ka sí àìsàn náà.

Ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet sọ ní 2024 pé bí a bá kápá ohun 14, ó ṣeé ṣe kí a dènà nǹkan bí ìdajì àìsàn iyè rírà, tàbí kó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa àti ìdánìkanwà wà nínú rẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àhesọ: ìwádìí Ìbàdàn náà rí i pé ó ń fi kún ewu iyè rírà láàrin àgbà Yorùbá.

Ẹni tó bá ń mú àgbà lọ fún àyẹ̀wò, kó kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo. Kí ẹni tó ń bá a gbé tẹ̀ lé e, kó sì sọ ìgbà tí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀.