Ta Ló Ni Bàálù Tí À Ń Wọ̀?

Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára bàálù kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Nínú bàálù mẹ́wàá tó ń kó èrò káàkiri ayé, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jẹ́ pé háyà ni wọ́n gbà á. Orílẹ̀-èdè Ireland ni òwò fífi bàálù háyà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni Tony Ryan àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ti dá GPA, iléeṣẹ́ tó ń fi bàálù háyà, sílẹ̀ ní 1975. Dublin ni AerCap, ọ̀gá gbogbo irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, fi ṣe ibùjókòó.

Kí ló dé tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í kàn ra tirẹ̀? Owó gọbọi ni bàálù ọ̀nà jíjìn, ẹni tó bá sì fẹ́ tuntun yóò dúró pẹ́. Iléeṣẹ́ Boeing ní bàálù òun tuntun, 777X, yóò jáde ní 2020; 2025 parí, kò tíì kan ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ta ló sì mọ bí èrò yóò ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Ayálégbé lè kó jáde bí ọjà bá kú. Onílé ni ilé wà lọ́rùn rẹ̀.

Singapore Airlines mọ èyí dáadáa. Òun ló kọ́kọ́ fi bàálù A380 gbé èrò, ní 2007. Àwọn àkọ́kọ́ tó lò, háyà ọdún mẹ́wàá ni; owó tí àwọn ará Jámánì dá jọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Dr Peters ni wọ́n fi ra díẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí ọdún pé, ó dá wọn padà. Dr Peters wá ẹni tí yóò gbà wọ́n, kò rí. Bí wọ́n ṣe tú méjì palẹ̀ ní Tarbes, nílẹ̀ Faransé, nìyẹn, kí wọ́n lè ta páàtì wọn. Èmi ò dá Singapore lẹ́bi o. Àdéhùn ni àdéhùn.

Ẹ̀rù mìíràn tó ń ba àwọn tó ni bàálù ni kí wọ́n má rí i gbà padà. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ́ ní 2022, bàálù àwọn ará òkèèrè tó lé ní 400 há sí Rọ́ṣíà. Torí irú èyí ni Àdéhùn Cape Town ti 2001, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe, ṣe wà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i tipẹ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ wa kò dá àwọn tó ni bàálù lójú. Wet lease ni wọ́n sábà ń fún wa: bàálù pẹ̀lú awakọ̀, òṣìṣẹ́, àtúnṣe àti adójútòfò tiwọn, owó rẹ̀ sì ń gún ni lára. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde pé kí ẹjọ́ lórí bàálù háyà má pẹ́ nílẹ̀. Bí àwọn adájọ́ bá tẹ̀ lé e, owó háyà yóò dín. Bí wọn kò bá tẹ̀ lé e, owó tíkẹ́ẹ̀tì wa kò ní sọ̀ kalẹ̀.