Òdòdó Tí Kò Ní Kó Wàhálà Bá Yín

Odawna kì í ṣe ibi téèyàn á ti máa wá òdòdó. Ọjà ni, ariwo ọkọ̀ trotro ni, ìtòsí oríta ńlá tí wọ́n fi orúkọ Kwame Nkrumah pè nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, ló sì wà. Ibi tí kọnkéré kò bá bò níbẹ̀, ìsọ̀ ló gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò ní ju ike ọ̀dà àtijọ́ kan lọ, lórí àtẹ̀gùn tàbí lójú fèrèsé. Kò ní ilẹ̀, kò sì ní àkókò. Ó kàn fẹ́ kí ohun kan tó rẹwà máa kí òun káàbọ̀ nígbà tóun bá tọjà dé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Mushin, ó wà n’Íbàdàn, ó sì wà ní Kánò. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí àwòrán òdòdó pẹ̀túníà: òdòdó tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu fèrè, tó ní funfun, pupa, píǹkì àti àwọ̀ àlùkò, tó ń ṣàn sílẹ̀ látinú ike tí wọ́n fi kọ́. Wọ́n ní kì í gba iṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ ni, àmọ́ ó kù síbi irú èyí tẹ́ ẹ rà, oṣù tẹ́ ẹ gbìn ín, àti ibi tí omi ń gbà kúrò nídìí rẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Irú èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Apá gúúsù Amẹ́ríkà ni pẹ̀túníà ti wá. Mọ̀lẹ́bí tábà, tòmátì àti ata ni. Kódà, látinú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Brazil fi ń pe tábà ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá ti gbin tòmátì rí ti mọ ìdajì ìwà rẹ̀: ó fẹ́ràn oòrùn, kò sì fẹ́ kí omi dúró sídìí òun.

Oríṣi mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni grandiflora, tí òdòdó rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Òun ló máa ń wu èèyàn jù lójú àwòrán, àmọ́ bí òjò bá na òdòdó rẹ̀, ṣe ló máa ń rọ̀ jọwọrọ bíi bébà tó bọ́ sómi. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ já èyí tó bá ti rọ, kó lè yọ òmíì. Ìkejì ni multiflora. Òdòdó tiẹ̀ kéré díẹ̀, àmọ́ ó máa ń pọ̀ lórí igi, ara rẹ̀ sì tètè máa ń yá lẹ́yìn òjò. Ìkẹta ni èyí tó ń tàn kálẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni Wave, tó dé ọjà lọ́dún 1995. Kì í ga púpọ̀, àmọ́ igi kan lè tàn tó mítà kan lórí ilẹ̀, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá já òdòdó tó ti rọ kó tó yọ òmíì.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí kó mú ìkejì tàbí ìkẹta. Ìkejì ló dára jù fún ike kékeré, torí pé ìkẹta máa ń mu omi púpọ̀, ó sì máa ń fẹ́ oúnjẹ. Ẹ fi ìkẹta síbi tó láyè, irú bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọlé tàbí ike ńlá tẹ́ ẹ gbé kọ́. Ẹ wo ara páálí irúgbìn náà dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ irú tó jẹ́ sí.

Oṣù wo ni kẹ́ ẹ gbìn ín?

Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ní Yúróòpù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni pẹ̀túníà máa ń yọ òdòdó, ni àwọn kan bá rò pé kò sóoru tí kò lè fara dà. Àmọ́ ní tiwọn, alẹ́ máa ń tutù. Bí ooru bá ń ju ìwọ̀n 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius lójoojúmọ́, tí alẹ́ náà sì móoru, igi rẹ̀ á kàn máa gùn gbọọrọ ni, òdòdó rẹ̀ á sì máa dín kù.

Ní Accra, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní April, ó sì máa ń pọ̀ jù ní June. Oṣù August ló máa ń tutù jù. Òjò kékeré á tún rọ̀ ní September àti October, lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé. Torí náà, ohun tó rọrùn jù ni pé kẹ́ ẹ fún irúgbìn náà ní September lábẹ́ òrùlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá, ó ti lè yọ òdòdó, á sì bọ́ sí àsìkò Kérésìmesì. Ní àwọn ibi tó ga tó sì tutù, irú bí òkè Aburi ní àríwá Accra tàbí ìlú Jos, á pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́.

Irúgbìn pẹ̀túníà kéré bí eruku. Gíráàmù kan ṣoṣo lè ní nǹkan bí 10,000 nínú. Ẹ má ṣe rọ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, torí pé ó nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó lè hù. Ẹ kàn rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tútù ni.

Omi ló ń pinnu

Odawna mọ omi. Odò Odaw ń gba ìtòsí ibẹ̀ lọ sínú ọ̀sà Korle, kó tó dé òkun. Ní alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù June, ọdún 2015, òjò rọ̀ títí omi fi ya bo agbègbè oríta Nkrumah. Iná tún ṣẹ́ yọ nílé epo kan tí àwọn èèyàn sá sí, ó sì lé ní 150 èèyàn tó kú. Látìgbà yẹn, bí òjò bá ti ṣú, gọ́tà tó dí ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bá.

Torí náà, ẹni tó bá ń gbin òdòdó nírú ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi kún ìṣòro náà. Ẹ má ṣe gbé ike òdòdó sójú ọ̀nà tí omi ń gbà. Ẹ má sì sọ ọ̀rá tí wọ́n fi di òdòdó tẹ́ ẹ rà sí gọ́tà. Ẹ lo ike tó fúyẹ́, tí ọmọdé ilé lè gbé wọlé bí òjò bá ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbìn ín sí, ẹ kọ ebè tó ga tó ìbú ọwọ́ méjì, kí omi lè máa ṣàn kúrò.

Ẹ dá ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sídìí ike náà, kẹ́ ẹ sì gbé e lé orí òkúta. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ òṣùwọ̀n méjì pọ̀ mọ́ iyanrìn òṣùwọ̀n kan àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, òṣùwọ̀n kan. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti lè ràn sí i fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ náà. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí igi náà bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gé ìdajì rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ sì fún un ní ajílẹ̀. Á tún rúwé.

Ẹ má ṣe gbé abọ́ tó ń gba omi sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2022, wọ́n rí ẹ̀fọn tó ń jẹ́ Anopheles stephensi ní Accra. Ẹ̀fọn yìí ń tan ibà, ó sì máa ń yé ẹyin sínú omi tó bá dúró sínú àwọn ohun èlò láàárín ìlú. Bí kò bá sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é láìlo abọ́, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù lójoojúmọ́.

Bí pẹ̀túníà bá kọ̀ ńkọ́?

Bí ọyẹ́ bá lọ tí ooru March sì dé, ẹ má bá a jìjàkadì. Ẹ fi vinca rọ́pò rẹ̀, ìyẹn òdòdó píǹkì tàbí funfun tó ní ewé márùn-ún, tó wá láti erékùṣù Madagascar. Ooru kì í dà á láàmú. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ májèlé ni béèyàn bá jẹ ẹ́, torí náà kí ọwọ́ ọmọdé má ṣe tó o. Portulaca náà dára. Ọmọ ìyá pápásán ni, ó máa ń fi omi pa mọ́ sínú ewé rẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kò ní kú.

Tánnáposó náà ń bẹ, èyí táwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi èso rẹ̀ sẹ́nu. Àmọ́ fún ẹni tó ń jáde nílé ní ìdájí, tí kì í sì í dé kó tó di ìrọ̀lẹ́, òdòdó díẹ̀ ló bá a mu tó o, torí pé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là. Ike kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn bá yè, ẹ wá ìkejì.